Ẹ̀yìn Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ Kò Ní Láti Jọ Ojú Rẹ̀

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣe ọnà sára aṣọ, ó ti di òfin pé iṣẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá mọ́ bí ojú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ gidi, àti pé ẹni tí ó bá ta kókó sí ìdí òwú kò tíì mọ nǹkan kan. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tú òdòdó tí ó rẹwà palẹ̀ nítorí pé ẹnìkan yí aṣọ náà padà, ó sì yọ ṣùtì sí i. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé ìgbàgbọ́ yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀nà tí a gbà gún abẹ́rẹ́ ni ó ń pinnu bí ẹ̀yìn yóò ṣe rí. Nínú stem stitch, ìyẹn ìránṣọ tí a fi ń fa ìlà bí igi òdòdó, òwú ń lọ síwájú lójú aṣọ, abẹ́rẹ́ sì ń padà sẹ́yìn díẹ̀ lábẹ́. Lójú, òwú náà yóò lọ́ mọ́ra bí okùn. Lẹ́yìn, ìlà tínrín tí ó jọ backstitch, ìyẹn ìránṣọ kéékèèké tí ń tẹ̀lé ara wọn láìsí àlàfo, ni ẹ ó rí. Nínú satin stitch, ìyẹn òwú tí a tò pẹ́kípẹ́kí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti fi kún àwòrán, ọ̀rọ̀ náà tún hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òwú bá gba abẹ́ aṣọ padà sí ẹ̀gbẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn yóò kún bí ojú, ṣùgbọ́n òwú tí ẹ ó ná yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá yọ abẹ́rẹ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó ti wọlẹ̀, àmì kéékèèké nìkan ni yóò wà lẹ́yìn, ojú yóò sì kàn fẹlẹ́ díẹ̀. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wà nínú aṣọ olọ́nà gígùn ti ọ̀rúndún kọkànlá tí a ń pè ní aṣọ Bayeux, tí ó gùn tó nǹkan bí mítà 70: ọ̀nà tí wọ́n gbà fi òwú irun àgùntàn kún àwòrán inú rẹ̀ fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú òwú náà sílẹ̀ sójú. Ní ìlú Lucknow ní Íńdíà, àwọn oníṣẹ́ chikan, ìyẹn iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ìbílẹ̀ ibẹ̀, a máa mọ̀ọ́mọ̀ kó òwú jọ sẹ́yìn aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí òjìji rẹ̀ lè hàn síwájú.

Òótọ́ ni pé iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ ojú, bí irú èyí tí àwọn ará Suzhou ní Ṣáínà ń ṣe fún wíwò láti ìhà méjèèjì. Ìyẹn ní ìlànà tirẹ̀.

Ní ti kókó, aṣọ tí a ó nà sínú férémù ni ó ń pa lára, nítorí pé yóò wú síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè yọ́ gba inú aṣọ tí híhun rẹ̀ kò dí. Fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ẹ rán ìránṣọ kéékèèké méjì síbi tí ọnà yóò bò mọ́lẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lára ẹ̀wù tí a ń wọ̀ tí a sì ń fọ̀, kókó kékeré tí ó le dáadáa kò burú rárá.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ máa wò lẹ́yìn ni òwú tí ó fò láti ọnà kan dé èkejì. Ó ń fa aṣọ jọ, ó sì ń kọ́ ìka tàbí bọ́tìnnì. Ẹ gbé aṣọ náà sókè síwájú iná. Bí òwú dúdú bá hàn gba inú aṣọ funfun, ẹ gé e, kí ẹ sì fi ìdí rẹ̀ bọ abẹ́ ìránṣọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó wà nítòsí.