Ọnọrébù, Ohùn Wo Lẹ Fọ̀?

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ẹ ó máa rí wọn lára ògiri: ọnọrébù nínú agbádá funfun, fìlà ṣẹ́ sápá kan, ẹ̀rín kẹ́ẹ̀kẹ́. Lábẹ́ àwòrán náà ni wọ́n máa ń to iṣẹ́ tó ti ṣe sí. Kànga ẹ̀rọ mẹ́rin. Tiransifọ́mà kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ fún àwọn opó, ẹ̀rọ ìlọta fún àwọn ìyá ọlọ́jà, owó ìdánwò WAEC fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ò ní bá òfin kankan pàdé níbẹ̀.

A ò sọ pé omi ò dára. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bi ẹni tó bu omi fún un léèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n gómìnà àti alága ìjọba ìbílẹ̀ la yàn pé kí wọ́n gbẹ́ kànga. Ohun tí a ní kí aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe ni kó ṣòfin, kó yẹ owó tí gómìnà fẹ́ ná wò kó tó fọwọ́ sí i, kó sì máa tọ owó náà lẹ́yìn dé ibi tó bá wọlé sí. Bí aṣòfin bá wá di agbẹ́kànga, ta ló kù tí yóò ṣọ́ ẹni tó yẹ kó gbẹ́ ẹ?

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé ìgbìmọ̀ lọ. Abẹnugan á ka àbá tán, á ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn wí. Ariwo á sọ. Á ní àwọn tí kò fara mọ́ ọn ńkọ́? Ilé á pa lọ́lọ́. Á gbé òòlù igi ọwọ́ rẹ̀, gbà! Ó parí. Ẹni tó gbà á tọkàntọkàn, ẹni tó ń tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì, ẹni tí àbá náà ń bí nínú àmọ́ tí ẹ̀rù gómìnà ń bà, gbogbo wọn ti di ohùn kan náà. Ó di kí ọdún mẹ́rin pé kí ọnọrébù tó padà wá bá wa, kànga ló sì máa fi hàn wá.

Ohun tí èyí ti nà wá kò kéré. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ kó àbá 44 tí wọ́n fẹ́ fi tún ìwé òfin ọdún 1999 ṣe ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀. Àbá tí ilé ìgbìmọ̀ 24 nínú 36 kò bá fọwọ́ sí, òkú ni. Ọ̀kan nínú wọn ní kí owó ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ gómìnà. Òmíràn ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ náà bọ́. Èyí tó kan àwọn aṣòfin fúnra wọn yege, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ti ìjọba ìbílẹ̀ kò rí ilé 24 kó jọ. Wọ́n já okùn lọ́rùn ara wọn, wọ́n fi ti ẹnìkejì sílẹ̀ síbi tó wà. Ó di ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìgbìmọ̀ ló kọ àbá ti ìjọba ìbílẹ̀ yẹn o. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó kọ̀ ọ́, ta ló sọ pé rárá? A ò tíì rí posítà kan ṣoṣo tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, “Èmi ni mo ní kí owó ìbílẹ̀ yín dúró sọ́wọ́ gómìnà.”

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń béèrè kò gba owó. Bó bá ti di ọ̀rọ̀ ètò ìṣúná, owó yíyá, ìyànsípò kọmíṣánnà tàbí àtúnṣe ìwé òfin, kí ilé ìgbìmọ̀ máa pe orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù dá tirẹ̀ wí. Kí akọ̀wé ilé gbé èsì rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí wọ́n sì tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọnọrébù ní ẹkùn ìdìbò rẹ̀. Ilé tó pọ̀ jù kò ju ènìyàn 40 lọ, bíi ti Èkó. Èyí tó kéré jù jẹ́ 24. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń pe orúkọ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ láràárọ̀, kò sì sí ẹni tó ń fún un lówó ìjókòó.

Àwọn kan á ní bí orúkọ bá jáde, gómìnà á mọ ẹni tó ta kò ó, á sì fi tíkẹ́ẹ̀tì dù ú. Gómìnà ti mọ̀ tipẹ́. Aráàlú nìkan ni wọ́n fi pamọ́ fún. Àti pé bí ọ̀rọ̀ bá kan ipò, ọnọrébù kì í fara sin. Nígbà tí wọ́n yọ Mudashiru Obasa nípò abẹnugan Èkó ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, tí Mojisola Meranda di obìnrin àkọ́kọ́ tó gun àga náà, títí àga fi padà sọ́wọ́ Obasa ní oṣù kẹta, àwọn aṣòfin kò tijú àtisọ ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n wà. Bí ohùn bá lè já gaara lórí àga, ó yẹ kó lè já gaara lórí owó ìlú.

Abala 110 ìwé òfin tilẹ̀ fún wa láṣẹ láti pe aṣòfin padà sílé, bí iye tó ju ìdajì àwọn olùdìbò ẹkùn rẹ̀ bá fọwọ́ síwèé, tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó dìbò lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Kí la fẹ́ kọ sínú ìwé náà nígbà tí a kò mọ ohun tó ṣe? Bẹ́ẹ̀ gómìnà tó bá lo ọdún mẹ́jọ, ó di dandan kó lọ. Aṣòfin kò ní gbèdéke, ó lè jókòó síbẹ̀ títí irun á fi funfun.

Ìbò 2027 ò jìnnà mọ́. Ọnọrébù á tún dé pẹ̀lú ọkọ̀ tó kún fún ìrẹsì. Bó bá sọ̀kalẹ̀ láti bọ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má tètè jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Ẹ bi í: lọ́jọ́ tí ètò ìṣúná tó kẹ́yìn wọlé, ohùn wo lẹ fọ̀, ibo la ti lè kà á?