Lẹ́ńsì kámẹ́rà Jámánì àtijọ́ kọ́ ló ń jẹ́ kí fọ́tò yín rí bàìbàì

Wọ́n tún ti sọ ọ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan rí kámẹ́rà Agfa Isolette lọ́wọ́ mi, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn fọ́tò bàìbàì." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Gbogbo ìgbà tá a bá ti ń sọ̀rọ̀ àwọn kámẹ́rà Jámánì kékeré tó ń ká pọ̀ yẹn, àwọn tó jẹ́ pé tó o bá ti ṣí iwájú ẹ̀ báyìí lẹ́ńsì á yọ jáde tòun ti awọ tó ṣẹ́ léra bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ẹnìkan á ṣáà ní lẹ́ńsì ayé ìgbà yẹn ò lágbára, pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Irọ́ ni.

Ọdún 1902 ni Paul Rudolph ti ṣe lẹ́ńsì tó ń jẹ́ Tessar fún ilé iṣẹ́ Zeiss ní Jena, ní Jámánì. Gíláàsì mẹ́rin péré ló wà nínú ẹ̀, ó sì mọ́ débi pé wọ́n ń lò ó lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Super Ikonta IV, ọ̀kan nínú àwọn kámẹ́rà tó ń ká pọ̀ yẹn, Tessar 75mm f/3.5 ló wà lójú ẹ̀ (nọ́mbà f yìí ló ń sọ bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó, bó bá ṣe kéré tó ló ṣe ṣí tó). Ọ̀pọ̀ Rolleiflex, kámẹ́rà tí gbogbo èèyàn ń yìn, ńkọ́? Tessar 75mm f/3.5 náà ni. Ẹni tó bá wá ń yin Rolleiflex láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó tún ń bú Ikonta, kí ló ń sọ gan-an? Láti 1934 ni Zeiss Ikon, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Ikonta, sì ti ń fi ẹ̀rọ tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó sára Super Ikonta, wọ́n so ó mọ́ lẹ́ńsì kí fókọ́ọ̀sì lè bọ́ síbi tó yẹ gẹ́lẹ́. Ta ló máa ṣe irú wàhálà yẹn torí lẹ́ńsì tí ò ríran?

Ẹ tún wo fíìmù ẹ̀. Fíìmù fífẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 120 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, ẹyọ fọ́tò kan tí wọ́n ń pè ní 6×6 fẹ̀ tó mìlímítà 56 lọ́nà méjèèjì, ti fíìmù 35 tí gbogbo ayé mọ̀ jẹ́ 24 sí 36, ìyẹn ni pé èyí fẹ̀ ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ ó lé díẹ̀. Mo gbé Isolette yẹn sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo dín ojú lẹ́ńsì kù sí f/11, mo ya títì, nígbà tí mo fi sìkánà gbé e sórí kọ̀ǹpútà, mo ń ka nọ́mbà mọ́tò tó wà ní òdìkejì títì. Lẹ́ńsì tí wọ́n ní ò dáa nìyẹn.

Kí ló wá ń fa bàìbàì? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, òun lẹni kankan kì í fẹ́ gbọ́. Nínú púpọ̀ nínú kámẹ́rà wọ̀nyí, gíláàsì iwájú nìkan lo máa ń yí tó o bá fẹ́ ṣe fókọ́ọ̀sì. Ẹni tó ni ín kó tó dọ́wọ́ ẹ ti lè tú gíláàsì yẹn kó lè nù ún, kó dá a padà sójú ìlà sùkúrù tí kì í ṣe tiẹ̀, gbogbo nọ́mbà jíjìn tó wà lára òrùka ẹ̀ á wá máa parọ́. Ti Agfa tiẹ̀ tún burú sí i, gíríìsì aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi sí i máa ń gan bíi símẹ́ńtì, gíláàsì iwájú á lẹ̀ mọ́ ti àárín, tó o bá wá ń yí i, méjèèjì ló ń tú lọ pọ̀, o rò pé fókọ́ọ̀sì lò ń ṣe. Bí tèmi ṣe wà nìyẹn nígbà tí mo rà á. Mo fi iná díẹ̀díẹ̀ rọ gíríìsì yẹn, mo nù ún kúrò, mo lẹ bébà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ hàn mọ́ ibi tí fíìmù máa ń jókòó, mo ṣí ṣọ́tà, ìyẹn ohun tó ń dí ìmọ́lẹ̀ nínú lẹ́ńsì, sílẹ̀, mo wá ń yí gíláàsì náà títí òpó tó jìnnà réré fi hàn ketekete lórí bébà, ibẹ̀ ni mo ti dé sùkúrù kéékèèké mẹ́ta tó di òrùka náà mú. Ó parí. Mi ò pààrọ̀ gíláàsì kankan.

Ohun kejì ni pé ojú làwọn èèyàn fi ń wọn jíjìn. Pẹ̀lú lẹ́ńsì 75mm, tó o bá ya èèyàn ní mítà kan àtààbọ̀ ní f/4.5, ibi tó máa mọ́ dáadáa ò tó sẹ̀ntímítà 20. Àṣìwọ̀n díẹ̀ báyìí, etí á mọ́, ojú ò ní mọ́. Ẹ ra tépù, kò wọ́n.

Àwọn tó ń sọ pé fọ́tò bàbá àgbà wọn rí bàìbàì, bébà tó ti ṣá lẹ̀ ń wò, ẹ lọ wo fíìmù ẹ̀. Awọ tó lu náà kọ́ ló ń fa bàìbàì, lóòótọ́ awọ Isolette máa ń lu, àmọ́ àbààwọ́n ìmọ́lẹ̀ nìyẹn máa ń fi sórí fọ́tò.

Ohun tí mo lè gbà ni pé lẹ́ńsì tí wọ́n ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọn ò kun nǹkan sójú ẹ̀, tó o bá dojú ẹ̀ kọ oòrùn, fọ́tò á funfun, dúdú ò ní dúdú dáadáa. Kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, fi ọwọ́ ṣíji bò ó, kó o tẹ̀ ẹ́.