Gedan-barai kì í ṣe ìdènà ìpá

Àwọn oníkáràtè tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan tún fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ pé ohun tí gedan-barai, ìyẹn gbígbá apá wálẹ̀ nínú káràtè, wà fún ni pé bí wọ́n bá ta yín nípàá, kí ẹ fi apá gbá ẹsẹ̀ náà dànù. Ta ló fẹ́ dúró dè yín?

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Ọwọ́ òsì kọ́kọ́ gòkè lọ sí etí ọ̀tún, kó tó já wálẹ̀ sókè orúnkún òsì. Kí ojú tó rí nǹkan kí ọwọ́ tó mira, bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ti lọ. Ẹsẹ̀ á ti dé ikùn, ọwọ́ ṣì wà létí. Bí wọ́n bá tiẹ̀ pàdé, egungun apá tín-ínrín ló ń kan ojúgun. Ó dáa, kí apá gbà á sàn ju kí ikùn gbà á lọ. Ibi tí mo gbà dé nìyẹn.

Ọwọ́ kejì ńkọ́, èyí tó ń padà sí ìbàdí? Wọ́n á ní agbára ló ń fún ẹ̀ṣẹ́. Ọwọ́ òfìfo tó sá lọ sí ìbàdí kàn tú ojú sílẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ́ ni. Hikite ni wọ́n ń pè é, ọwọ́ tó ń fa nǹkan, nǹkan náà sì ni apá alátakò. Itosu Anko, tó gbé káràtè wọ ilé ìwé ní Okinawa, dárúkọ torite, ìyẹn dídi ènìyàn mú, nínú lẹ́tà tó kọ ní 1908. Barai gan-an, gbígbá nǹkan kúrò lọ́nà ló túmọ̀ sí.

Ká ní ọwọ́ ọ̀tún ni alátakò yín nà sí yín. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún yín di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ lọ́ ọ títí ṣóńṣó ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á fi kọjú sókè, kí ẹ fà á wá síbàdí ọ̀tún yín títí apá náà á fi nà tàntàn. Apá òsì tó ti wà létí, tó ń bo ojú yín lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ́ òsì rẹ̀, á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní bí ìka mẹ́ta sókè ìgbọ̀nwọ́. Ẹsẹ̀ òsì á gbé ìgbésẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìwúwo ara lè bá apá lọ. Orí rẹ̀ á wálẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó lọ́ ọ. Ìgbọ̀nwọ́ tó kọjú sílẹ̀ á ká, alátakò á sì rọ́ wọlé. Títẹ ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ ń fa irú ẹ̀ bákan náà. Bí ẹ bá sì sún sókè jù sí ọ̀nà èjìká, ẹran ara ló wà níbẹ̀, á kàn fi agbára kọ̀. Tí ẹ bá ń fi ẹlẹgbẹ́ yín dánra wò, ẹ má já a lójijì. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ bó bá ti fọwọ́ gbá yín lára pé ó tó.