Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò àti kòtò ilẹ̀pa Rẹ́mọ

Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí paramọ́lẹ̀ bá ṣíwájú, tí ọ̀ká tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró dè wọ́n? Àwọn tó ń wa ilẹ̀pa ní Rẹ́mọ, àtàwọn tó ń fọ́ òkúta lápá Agọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, oníkálukú ń dá ti ẹ̀ ṣe. Ọmọ onílẹ̀ gba owó lórí tipa kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ ìjọba dé, ó lé wọn, wọ́n ṣí lọ sóko kejì. Kòtò àkọ́kọ́ kò rí ẹni dí i.

Òfin ohun àlùmọ́nì ọdún 2007 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ran ẹgbẹ́ awakùsà kéékèèké tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n para pọ̀ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Alájẹṣẹ́kù kì í ṣe àjèjì sí Ìjẹ̀bú. Ẹni tí kò níwèé àṣẹ a máa sá fún aláyẹ̀wò, ta ni yóò wá kọ́ ọ níṣẹ́?

Ẹ̀kọ́ tó ṣe kókó jù ni ti ògiri kòtò. Ilẹ̀pa a máa le koko lẹ́ẹ̀rùn, òun ló ń tan àwọn tó ń fi dígà jẹ ìdí rẹ̀ wọlé. Bí òjò bá rin ín, ó wúwo sí i, ìdìmú rẹ̀ dẹ̀, òkè tí kò nídìí mọ́ á ya lu ẹni ìsàlẹ̀. (Ẹni tó bá ń fi ògiri Erédò, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tó ṣì dúró, ṣe àwíjàre, kó rántí pé a kò jẹ ìyẹn nídìí.) Láti òkè ni kí wọ́n ti máa gé e ní àtẹ̀gùn, kí ìpele kan má ga ju mítà 1.5 lọ, kí ojú rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ kó ilẹ̀ dúdú orí rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí lórí rẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ yóò ti padà hù. Ẹni tó bá tà á mọ́ ilẹ̀pa ti ta oko.

Owó dídí kòtò ńkọ́? Bí a bá dúró de ìparí iṣẹ́, kò ní sí owó mọ́. Níbi tí tipa ń gbà jáde ni kí a ti máa yọ díẹ̀ sínú àpò tí ẹgbẹ́, onílẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ń fọwọ́ sí.

Ti olókùúta, kí wọ́n wọ́n omi sí i kí wọ́n tó fọ́ ọ. Eruku tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ kéré ju ohun tí aṣọ ìbomú lè dá dúró. Kí wọ́n má sì fọ́ ọ lágbàlá. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òkúta wúrà tó ní òjé ni wọ́n ń lọ̀ nínú ilé, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Òkúta Ìjẹ̀bú kì í ṣe irú ìyẹn, àmọ́ ọmọ tó ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ń fa eruku símú. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìlú, kó gbẹ́ kànga síbẹ̀, kó sì ta ibòji.