Ìwúwo Ọta Kọ́ Ló Ń Pa Àgbọ̀nrín

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, bí ọlọ́dẹ méjì bá ti jókòó ti sódábì, ògógóró wa, ẹnì kan á sáà sọ ọ́ ṣáá: "Ọta tó bá wúwo jù lọ ni kóo rà." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò wa kan tó wà ní Amẹ́ríkà pè, ó ní òun ra ráífù .308 (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ọta rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó), òun fẹ́ lọ pa àgbọ̀nrín. Ẹ̀gbọ́n wa gba fóònù mọ́ mi lọ́wọ́: "180 ni kóo rà o, má wo 150 lójú!" Ẹ̀gbọ́n tí kò gbé ráífù rí láyé, ṣakabùlà ni tiwọn.

Nọ́ńbà 150 àti 180 tó wà lára páálí ọta yẹn, grain ni, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta. 150 grain jẹ́ gíráàmù 9.7, 180 sì jẹ́ 11.7. Gíráàmù méjì la ń bá ara wa jà lé lórí. Nínú .308, èyí tó fúyẹ́ máa ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bí mítà 860 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó wúwo ní nǹkan bí 800. Ẹ ṣírò agbára wọn: ti àkọ́kọ́ sún mọ́ joule 3,600, ti èkejì 3,700. Ṣé ẹran tí 3,600 kò pa ni 100 tó lé yẹn máa wá pa? Ohun tí ẹni tó ra èyí tó wúwo máa rí gbà dájú ni pé ìdí ìbọn á gbá a léjìká jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọta ti wọlé, àti bó ṣe ṣí nígbà tó wọlé, ìyẹn ló ń pa ẹran. Mo ti tẹ̀ lé àwọn Faransé tó wá ṣọdẹ lápá Pendjari, ní àríwá Benin, èmi ni mo ń bá wọn bó ẹran. Mo fi ọ̀bẹ yọ ọta kan lábẹ́ awọ ìhà kejì kob kan, ẹran ìgbẹ́ tó jọ àgbọ̀nrín. Orí rẹ̀ ti ṣí bí olú, bàbà tí wọ́n fi bo òjé rẹ̀ ti ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ká sẹ́yìn, ó sì ti fẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Ẹ̀dọ̀fóró ẹran ọ̀hún ti di ẹ̀jẹ̀ lásán. Ọta yẹn kì í ṣe èyí tó wúwo nínú àpò olówó ìbọn, àmọ́ ẹ̀yìn apá gan-an ló bà, ẹran náà kò sá jìnnà. Èyí tí ọta ńlá bà níkùn ńkọ́? Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa níbi tá a ti ń tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọta wúwo, wọ́n ṣe é le nítorí ẹran ńlá. Bó bá bá ẹran tí ìhà rẹ̀ tín-ín-rín pàdé, ó lè gba ibẹ̀ kọjá láì ṣí dáadáa.

Ẹ ṣì ń jiyàn? Walter Bell, ọmọ Scotland, pa erin tó lé ní 1,000 ní Áfíríkà. Ìbọn Mauser 7 mm ló fi pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọta grain 173. Erin o! Àwọn ìbọn erin kan wà láyé ìgbà náà tí ọta wọn tó grain 750. Bell la agbárí erin sí méjì kó lè mọ ibi tí ọpọlọ wà, ibẹ̀ ló sì ń yìn ín sí. Ẹ wo òfin náà: fún àgbọ̀nrín ńlá, ti England kò dárúkọ ìwúwo ọta rárá, agbára rẹ̀ àti ìbú ẹnu ìbọn ló ń béèrè. Scotland tó ń béèrè 100 grain tẹ́lẹ̀ ti sọ ọ́ di 80 ní 2023, kí ọta bàbà tí kò ní òjé, tó fúyẹ́, lè ráyè wọlé.

Wọ́n á ní àwọn bàbá wa ki irin ńlá sí ṣakabùlà fún ẹfọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀tù dúdú kì í jẹ́ kí ọta sáré, kí ló tún kù fún un ju kó wúwo lọ? Àwọn míì ní ọta wúwo kì í yà nínú igbó. Irọ́ ni, gbogbo ọta ló ń yà bó bá kan ẹ̀ka.

Ó dáa, bó bá jẹ́ ẹran tó tóbi bí elk, ẹran Amẹ́ríkà tó tó màlúù, tàbí láti mítà 400 níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ọta wúwo wúlò díẹ̀. Àgbọ̀nrín là ń sọ níbí.

Ẹni tó bá ní .308, kó ra 150 páálí kan, kó ra 165 páálí kan, èyí tí wọ́n ṣe fún àgbọ̀nrín, kó fi wọ́n yìnbọn sí bébà láti mítà 100. Ìbọn míì á kó ti 165 sójú kan, á fọ́n ti 150 ká. Òmíràn á ṣe òdì kejì. Èyí tí tirẹ̀ bá kó sójú kan ni kó gbé wọgbó.