Ọmọ ní "mo ń bọ̀ mà", kò dìde: àfojúdi ni, àbí géèmù náà ni kò ṣeé dá dúró?

Àdùkẹ́ Mọ́níyà
Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Oúnjẹ ti délẹ̀, ìyá pe ọmọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọmọ ń dáhùn "mo ń bọ̀ mà" láì gbójú kúrò lára fóònù. Bàbá fa wáyà Wi-Fi yọ, ọmọ bú sẹ́kún, ilé dàrú. Wọ́n wá ń sọ pé géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣeé dá dúró. Lójú tèmi, àfojúdi ni. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́, bí òbí bá pè é, á dìde.

Kọlá Géèmà
Ẹ kú ilé mà. Mi ò bá yín jiyàn lórí ọ̀wọ̀, àmọ́ lóòótọ́ ni kò ṣeé dá dúró. Èyí tí ọmọ ń bá ẹ̀rọ nìkan gbá, bọ́tìnnì kan ló máa tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dúró síbi tó wà. Èyí tó ń bá èèyàn gbá kò rí bẹ́ẹ̀. Free Fire, èèyàn 50 ló jọ ń balẹ̀ sí erékùṣù kan, ó máa ń tó ìṣẹ́jú 10. PUBG Mobile, èèyàn 100, ó lè tó ìṣẹ́jú 30. Mobile Legends, márùn-ún dojú kọ márùn-ún, ìṣẹ́jú 10 sí 20. Bí ọmọ yín bá jáde láàárín, mẹ́rin ló kù tí yóò máa bá márùn-ún jà. Géèmù á yọ nínú máàkì ìwà rẹ̀, bí máàkì náà bá sì lọ sílẹ̀ jù, wọn ò ní jẹ́ kó gbá ránkì, ìyẹn ìdíje tí wọ́n fi ń gba ipò. EA FC náà, ìṣẹ́jú 6 ni ìdajì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ tí ẹ bá ka ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń jáde àti pípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù mọ́ ọn, ó máa ń kọjá 15. Ẹni tó bá jáde ti pàdánù máàṣì nìyẹn.

Ohun tí ọmọ ń sunkún sí nígbà tí bàbá fa wáyà nìyẹn. Ó ti já ọ̀rẹ́ mẹ́rin kulẹ̀, àwọn yẹn ò sì ní mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ló pa Wi-Fi.

Àdùkẹ́ Mọ́níyà
Ta ló ní kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀?

Kọlá Géèmà
Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà! Kí máàṣì tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí àdéhùn ti wáyé. Bó bá jẹ́ Free Fire, ẹ kìlọ̀ nígbà tí oúnjẹ bá ku ìṣẹ́jú 10. Bó bá jẹ́ PUBG, ìṣẹ́jú 30. Ẹ má kàn ní "ṣé o ti fẹ́ parí?" nítorí "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa sọ. Ẹ ní: "Tí eléyìí bá parí, jáde kúrò nínú ẹgbẹ́." Ọ̀pọ̀ òbí ò mọ èyí: nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin, aṣáájú ló ń tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ti fi hàn pé òun ti múra, tó wá gbé fóònù sílẹ̀ láì jáde, aṣáájú á kàn tẹ̀ ẹ́, máàṣì tuntun á gbé òun náà lọ. Bí "mo ń bọ̀" ṣe ń di wákàtí kan nìyẹn.

Fúnmi Peckham
Kọlá ṣàlàyé dáadáa. Kí n fi ti ètò ẹ̀rọ kún un. PS5 ní ibi tí òbí ti ń yan iye wákàtí, ó sì máa ń bèèrè: tí àkókò bá pé, ṣé kó kàn kìlọ̀ fún ọmọ ni àbí kó lé e jáde? Áàpù òbí ti Nintendo Switch náà ní ìkìlọ̀ lọ́tọ̀, ìdádúró lọ́tọ̀. Ẹ fi ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀. Family Link, áàpù òbí ti Google tó wà fún Android, kò mọ̀ bóyá ọmọ wà láàárín máàṣì. Tí àkókò bá tán, fóònù tì pa. Tí ẹ bá fi sí aago mẹ́jọ, kí ọmọ mọ̀ pé aago méje ààbọ̀ ni máàṣì PUBG ìkẹyìn gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fún un ní àfikún àkókò látorí fóònù tiyín, àmọ́ tí ẹ bá ń fún un lójoojúmọ́, àdéhùn ti bàjẹ́.

Alàgbà Ṣẹ́gun
Ẹ̀yin ọmọ mi, ìṣẹ́jú lẹ ń kà, owó lèmi ń wò. Àwọn àpótí tí wọ́n ń tà nínú géèmù, tí èèyàn ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó sanwó, tẹ́tẹ́ ni. Ní 2018, àjọ tó ń bójú tó tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù sọ bẹ́ẹ̀ gan-an, ìgbà tó sì di oṣù kìíní 2019, EA, ilé iṣẹ́ tó ṣe EA FC, dẹ́kun títa FIFA Points, owó inú géèmù tí wọ́n fi ń ra irú àpótí bẹ́ẹ̀, níbẹ̀. Ẹ wọ inú Play Store, ẹ lọ sí ètò rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa bèèrè páṣíwọọ̀dù fún *gbogbo* ohun rírà. Tí ọmọ bá ti rà á láì gba àṣẹ, ẹ tètè béèrè owó náà padà lọ́wọ́ Google kí wákàtí 48 tó pé.

Bísí T.
Ọmọ nìkan lẹ ń sọ. Ọkọ tó ń gbá géèmù láago mọ́kànlá òru ńkọ́?

Kọlá Géèmà
Ẹ wo earpiece, ẹ̀gbọ́n. Nínú géèmù ìbọn, ìró ẹsẹ̀ ọ̀tá ni wọ́n ń tẹ́tí sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dí etí méjèèjì. Ìyàwó á sọ̀rọ̀ tán, á rò pé ọkọ pa òun tì, bẹ́ẹ̀ ọkọ ò gbọ́ ẹyọ kan. Ẹ fọwọ́ kàn án léjìká kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Kí òun náà tú etí kan sílẹ̀, kó má sì fi ohùn tó fi ń pariwo mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá yín lóhùn.

Fúnmi Peckham
Ẹ tún lè jọ gbá a. Kick Off inú EA FC kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì: pádì méjì, tẹlifíṣọ̀n kan, ẹ sì lè dá a dúró nígbàkigbà. It Takes Two tó jáde ní 2021 kò tiẹ̀ gbà kí ẹnì kan dá a gbá. Ẹni méjì gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè kọjá.

Adé Ìlọrin
Ẹ jọ̀ọ́, kí a má máa pe gbogbo ọmọ tó fẹ́ràn géèmù ní aláìsàn. Àìsàn géèmù wà nínú ICD-11, ìwé àkójọ àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO), tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, àmọ́ wákàtí kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé agbára ọmọ kò ká a mọ́, pé géèmù ti ṣíwájú gbogbo nǹkan, pé kò sì dáwọ́ dúró bó tilẹ̀ ń pa á lára. Ó sì máa ń tó oṣù 12 kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọba nìkan kò sì tó: Gúúsù Kòríà fòfin de géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín òru fún ọmọ tí kò tó 16 ní 2011, wọ́n fagi lé e, wọ́n dá a padà sọ́wọ́ òbí.

Àdùkẹ́ Mọ́níyà
Mo ti gbọ́ ti oúnjẹ, màá máa kìlọ̀ ṣáájú. Àlejò ńkọ́? Àgbàlagbà wọlé, ọmọ jókòó, ó ń tẹ fóònù. Ìyẹn náà ní máàṣì nínú?

Kọlá Géèmà
Rárá mà, ìyẹn ò ní àwíjàre. Ní Mobile Legends, tí wọ́n bá pa á, ó ń dúró kó tó padà wọlé. Àkókò yẹn tó láti dìde kí èèyàn. Ní PUBG, tí wọ́n bá pa á tí kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n máa fi jí i padà, ìran ló kàn ń wò, ó lè jáde láì pàdánù nǹkan kan. Ẹ kàn bi í pé: "Ṣé o ṣì wà láàyè níbẹ̀?"

Àdùkẹ́ Mọ́níyà
Tó bá wà láàyè ńkọ́?

Kọlá Géèmà
Kó dọ̀bálẹ̀ kó kí wọn, kí wọ́n pa á.