Ọjọ́ Orí Kọ́ Ló Ń Mú Stratocaster Dùn

Kò sí ibi tí onígìtá mẹ́ta ti pé jọ tí ọ̀rọ̀ yìí kò ní jáde: Stratocaster àtijọ́ (gìtá iná iléeṣẹ́ Fender) ni ojúlówó, ti òde òní kàn jọ ọ́ ni. Wọ́n á ní igi ayé ìgbà yẹn ló dáa. Wọ́n á ní ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ń jẹ́ kí igi mí. Wọ́n á ní òòfà inú pickup rẹ̀, ohun tó ń gbọ́ okùn, ti gbó dé ibi tó yẹ kó gbó dé. Ẹni tó bá ti kó owó tó tó ra mọ́tò lé gìtá 1962 lórí, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn, kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wá èyí tẹ́ ẹ máa rà, ẹ gbọ́ tèmi. Àwọn Stratocaster àtijọ́ kan dùn gan-an, kò sẹ́ni tó máa sẹ́ ìyẹn. Ọjọ́ orí kọ́ ló mú wọn dùn.

Inú àwọn orin tí wọ́n fi ń gbe ìgbàgbọ́ yìí lẹ́sẹ̀ gan-an ni ó ti kọ́kọ́ fọ́. Ohùn tí gbogbo ayé ń pè ní ohùn Stratocaster àtijọ́, gìtá tuntun ló gbé e jáde. Nígbà tí Buddy Holly, olórin rock ará Amẹ́ríkà, ń gbé tirẹ̀ lọ sórí ìtàgé ní ìparí àwọn ọdún 1950, gìtá náà kò tíì pẹ́ tó ti iléeṣẹ́ jáde. Stratocaster pupa tí akọrin Cliff Richard bá Hank Marvin, onígìtá rẹ̀, rà láti Amẹ́ríkà ní 1959, tuntun ló dé ọwọ́ rẹ̀. Èyí tó funfun tí onígìtá Jimi Hendrix gbé kọ́rùn níbi àjọ̀dún orin Woodstock ní oṣù kẹjọ 1969, 1968 ni wọ́n ṣe é. Kò ju bí ọmọ ọdún kan lọ! Kò sí igi tó ti gbẹ fún 60 ọdún nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí òòfà tó gbó. Ẹni tó bá ń wá ohùn yẹn, ohùn gìtá tuntun ló ń wá.

Ti Hendrix yẹn tún ní ìtumọ̀ mìíràn. Leo Fender àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé Stratocaster jáde ní 1954 ní Fullerton, ní ìpínlẹ̀ California. Ní oṣù kìíní 1965, iléeṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ CBS, àwọn onírédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ní mílíọ̀nù 13 dólà. Láti ìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ gìtá ti pín ayé sí méjì: ìgbà tí CBS kò tíì dé, àti ìgbà tí CBS dé tí nǹkan bàjẹ́. Gìtá Woodstock wà ní apá tí wọ́n ní ó bàjẹ́. Èyí tó dúdú tí David Gilmour, onígìtá ẹgbẹ́ Pink Floyd, rà ní New York ní 1970 náà wà níbẹ̀, nítorí 1969 ni wọ́n ṣe é. Ní 2019, wọ́n ta gìtá dúdú yẹn ní gbàǹjo Christie's ní 3,975,000 dólà. Kó tó dìgbà yẹn, wọ́n ti pààrọ̀ ọrùn rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pickup tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bridge rẹ̀ (ibi tí okùn dúró lé lára gìtá) kì í sì í ṣe èyí tó bá a jáde.

Ìtàn onígìtá Eric Clapton ló tún dùn mọ́ mi jù. Ní 1970, ó ra Stratocaster àwọn ọdún 1950 mẹ́fà ní Nashville, nígbà tí owó wọn kò tíì ga. Ó fún àwọn olórin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, George Harrison, Pete Townshend àti Steve Winwood ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tú mẹ́ta tó kù palẹ̀, ó ṣa èyí tó dára jù lára ẹ̀yà wọn, ó sì fi to gìtá kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní Blackie. Bí gbogbo gìtá 1956 àti 1957 bá dára bákan náà, kí ló ń ṣà? Ó mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ju ẹyọ kan lọ́wọ́ ṣe mọ̀, pé ọrùn ọ̀kan dára, pickup òmíràn dára, òmíràn kò sì ní láárí. Gìtá tó di ìlúmọ̀ọ́ká yẹn, àdàlù ni.

Èyí mú wa dé orí pickup, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Òòfà alnico (irin àdàlù) mẹ́fà ni, ọ̀kan lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi wáyà bàbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun wé ní nǹkan bí 8,000 ìgbà. Okùn irin á gbọ̀n lókè òòfà, agbára òòfà á yí, iná tín-ín-rín á gba inú wáyà lọ sínú amplifier. Pickup kò mọ ọdún tí wọ́n bí i. Ohun tó mọ̀ ni iye ìgbà tí wáyà yí i ká, bí òòfà rẹ̀ ṣe lágbára tó, àti bó ṣe súnmọ́ okùn tó. Ní àwọn ọdún 1950, ọwọ́ ènìyàn ló ń darí wáyà yẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń yí i, iye rẹ̀ kì í sì í dọ́gba. Pickup méjì tí wọ́n wé lọ́jọ́ kan náà lè yàtọ̀ síra. Ẹ tún fi ti bọ́tìnnì ohùn, èyí tí ẹ ń yí láti mú ohùn ròkè tàbí rẹlẹ̀, kún un: ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ àti ìwọ̀n tó ní lóòótọ́ lè fi ìdá 20 nínú 100 yàtọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé “ohùn 1957”, ó yẹ ká bi í pé 1957 ta ni.

Ní ti òòfà tó gbó, alnico kì í ṣá bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọdún ń gorí ọdún. Ohun tó tètè ń sọ ọ́ di aláìlera ni kí òòfà mìíràn tó lágbára súnmọ́ ọn, tàbí kí iná jó o. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kó rẹlẹ̀ díẹ̀, àwọn tó ń ṣe pickup lónìí lè ṣe é ní ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó fi sínú páálí.

Nǹkan kan tiẹ̀ wà nínú pickup àtijọ́ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Gíga àwọn òòfà rẹ̀ kò dọ́gba, wọ́n sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò rẹ̀, okùn kẹta tí àwọn ènìyàn ń lò ní wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ kì í ròkè tó, nítorí náà wọ́n gbé òòfà abẹ́ rẹ̀ sókè. Lónìí, okùn kẹta tí gbogbo ènìyàn ń lò kò ní wáyà kankan lára, ohùn rẹ̀ ti ròkè fúnra rẹ̀. Ẹ fi okùn òde òní sórí pickup 1960, okùn kẹta á máa pariwo lé àwọn yòókù lórí. Àwọn kan ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dólà ra ariwo yẹn, wọ́n sì ń pè é ní ìwà pẹ̀lẹ́ ayé àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà kò gùn. Nitrocellulose tí wọ́n ń yìn yẹn, ọ̀dà mọ́tò ni. Fender ń lò ó nítorí pé ó tètè ń gbẹ, ó sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Àwọ̀ Fiesta Red, ara mọ́tò Ford ló ti wá. Lake Placid Blue, ara Cadillac. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n sì ti ń fi ohun kan tó le bíi pílásítíìkì, tí wọ́n ń pè ní Fullerplast, kun igi kí wọ́n tó fi nitrocellulose lé e. Igi tí wọ́n ní ó ń mí, wọ́n ti fi nǹkan bo imú rẹ̀ tipẹ́. Igi tí a ti gé, tí a ti là, tí a ti gbẹ́ kò sì mí mọ́ rárá. Mo gbà pé nitrocellulose máa ń dùn mọ́ ọwọ́: ó fẹ́lẹ́, ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀, kì í lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bíi polyester tó nípọn tí wọ́n ń lò ní àwọn ọdún 1970. Ọwọ́ ló ń gbádùn ìyẹn, kì í ṣe etí.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ àwọn àtijọ́ tí ènìyàn bá pàdé fi máa ń dára? Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Nínú ọ̀rọ̀ gìtá, a ti da àkísà nù, aṣọ tó kù nìkan la fi ń wọn àgbà. Gìtá 1958 tí ọrùn rẹ̀ lọ́, tí kò ṣe é tà, wọ́n ti tú u fún ẹ̀yà, tàbí kó ti jókòó sínú àjà ilé títí tó fi jẹrà. Èyí tó dùn ni wọ́n tọ́jú, tí wọ́n tún fret rẹ̀ (àwọn irin tó dábùú ọrùn) ṣe, tí wọ́n gbé fún amọṣẹ́dunjú lọ́dọọdún. Ẹ wá gbé èyí tó ti kọjá lọ́wọ́ onímọ̀ fún 60 ọdún sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún okùn rẹ̀ tò. Ìdíje wo nìyẹn?

Àwọn onífayolíìnì ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú wa. Àwọn olùwádìí Claudia Fritz, Joseph Curtin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bo ojú àwọn olórin tó mọṣẹ́, wọ́n fún wọn ní fayolíìnì Stradivari àtijọ́ àti àwọn tuntun. Ìwádìí wọn jáde ní 2012 àti 2014. Ọ̀pọ̀ ló yan tuntun, wọn kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ni àtijọ́. Ẹ rántí pé ara fayolíìnì fúnra rẹ̀ ló ń dún. Igi Stratocaster nípọn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 ààbọ̀, pickup ló sì ń gbọ́ okùn rẹ̀. Bí ọjọ́ orí kò bá hàn nínú fayolíìnì, ibo ló fẹ́ gbà hàn nínú gìtá iná?

N kò ní purọ́ pé kò sí ọdún tí iṣẹ́ wọn rẹlẹ̀. Ó wà. Ọ̀pọ̀ Stratocaster ìdajì kejì àwọn ọdún 1970 wúwo, àlàfo sì máa ń wà níbi tí ọrùn ti wọ ara. Nígbà yẹn, àwọn onígìtá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn gìtá kan náà yẹn ni wọ́n ń pè ní ohun ìṣúra lónìí, wọn kò sì fúyẹ́ sí i láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ní 1981, CBS mú Bill Schultz àti Dan Smith wá láti Yamaha láti tún iṣẹ́ ṣe. Ní 1982, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Fender ní Japan, àwọn yẹn sì dára débi pé àwọn olùkójọ ń wá wọn kiri títí di òní. Ní 1985, Schultz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ra Fender kúrò lọ́wọ́ CBS. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ti ń gé igi, ọrùn ń wọ ara rẹ́gí. Gìtá olówó pọ́ọ́kú òde òní ń jáde ní títọ́ ju ọ̀pọ̀ àwọn tó gbówó lórí ní 1978 lọ.

Leo Fender fúnra rẹ̀, tí kò mọ gìtá ta rárá, kò bọ òrìṣà 1954. Títí tó fi kú ní 1991 ló ń yí pickup àti bridge padà ní iléeṣẹ́ G&L tó dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Àwọn ìyàtọ̀ tòótọ́ wà láàárín àtijọ́ àti tuntun, wọ́n ṣe é fojú rí, wọ́n sì ṣe é wọ̀n. Ojú ọrùn àtijọ́ yípo ju ti òde òní lọ: 7.25 ínṣì ni ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀pọ̀ tuntun jẹ́ 9.5; bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ọrùn ṣe yípo tó. Ọwọ́ tó ń tẹ kọ́ọ̀dù máa ń gbádùn ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí okùn bá súnmọ́ ojú ọrùn, tí ẹ sì fà á sókè lápá ìsàlẹ̀ ọrùn, ohùn á kú. Fret àtijọ́ jẹ́ 21, ti tuntun sábà máa ń jẹ́ 22. Swítì àtijọ́, èyí tí wọ́n fi ń yan pickup tó máa dún, ní ààyè mẹ́ta. Àwọn olórin ló ń fi ọgbọ́n há a sáàárín ààyè méjì kí pickup méjì lè dún pọ̀, títí Fender fi fi èyí tó ní ààyè márùn-ún sí i ní 1977. Ẹ yan èyí tó bá ọwọ́ yín mu. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ fi méjì wéra, ẹ fi irú okùn kan náà sórí àwọn méjèèjì, okùn tuntun. Ẹ wọn gíga pickup sí okùn kó dọ́gba. Amplifier kan náà, kí ẹ sì rí i pé ìkankan kò pariwo ju ìkejì lọ, nítorí èyí tó bá ròkè díẹ̀ letí máa ń pè ní dídùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíràn máa ta á nígbà tí ẹ̀yin kọ ẹ̀yìn sí i. Àwọn tó ń fi àtijọ́ yangàn kì í fẹ́ràn apá ìkẹyìn yìí.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn tó wà lára gìtá 1966, tó sì lówó rẹ̀, kó rà á, kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kó ní kí wọ́n ṣí pílásítíìkì iwájú rẹ̀ kó tó sanwó. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn bọ́tìnnì ohùn, mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ iléeṣẹ́ tó ṣe é: 137 ni ti iléeṣẹ́ CTS, 304 ni ti Stackpole. Nọ́ńbà méjì tó tẹ̀lé e ni ọdún, méjì tó kẹ́yìn ni ọ̀sẹ̀. 1376633 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélọ́gbọ̀n ọdún 1966. Ìyẹn náà kò sì tó láti fi búra, nítorí pé Fender ra bọ́tìnnì 1966 pọ̀ débi pé wọ́n ṣì ń fi wọ́n sínú gìtá ní 1968 àti 1969. Bí òjé tí wọ́n fi jó wáyà mọ́ ọn bá ń dán bíi tàná, kó bi ẹni tó fẹ́ tà á léèrè ohun tí wọ́n yọ kúrò níbẹ̀.